Ọkọ̀ Tuntun Wo Ni Ọmọ Rẹ Gbé Jáde?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá ní oṣù yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ eré lójú ẹlòmíràn, nítorí pé ọ̀rọ̀ ohun ìṣeré ọmọdé ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti gbé ilé tí èrò pọ̀ sí rí, ní Agége tàbí ní àdúgbò mìíràn tí ó fara jọ ọ́, yóò mọ̀ pé ohun ìṣeré kì í ṣe eré mọ́ nígbà tí ó bá dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìyá méjì, tàbí nígbà tí ó bá mú kí ọmọ kan na ọwọ́ sí àpamọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Ẹ wo ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, nígbà tí a bá ti fọ aṣọ tán, tí a sì ti gbá àgbàlá. Àwọn ọmọ yóò kó ara wọn jọ sí ẹnu ọ̀nà, olúkúlùkù pẹ̀lú ọkọ̀ ìṣeré tirẹ̀. Ọ̀kan gbé ọkọ̀ tí ó fi agolo mílíìkì ṣe jáde. Òmíràn gbé ọkọ̀ oníke tí ìyá rẹ̀ rà fún un lọ́wọ́ àwọn tí ń pàtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta gbé páálí ńlá kan tí àwòrán ọkọ̀ wà lára rẹ̀: ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni ó fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù, inú rẹ̀ sì kún fún ẹ̀yà kéékèèké tí a ó tò pọ̀ kí ó tó di ọkọ̀. Kíá ni gbogbo ojú yóò kúrò lára ọkọ̀ agolo. Ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ jáde ni pé, "Èló ni wọ́n rà á?" Ọmọ tí ó fi ọjọ́ mẹ́ta gé agolo yóò wá rọra fi ẹsẹ̀ ti ọkọ̀ tirẹ̀ sí ẹ̀yìn.

Arábìnrin mi, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ìyá ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí ń fi ọkọ̀ rẹ̀ han ẹgbẹ́, ara rẹ̀ ni ó ń fi hàn. Ojú tí yóò wo òun, tí yóò sì gba tòun, ni ó ń wá. Bí ó bá jẹ́ pé "Èló ni?" nìkan ni àwọn ọmọ ilé rẹ mọ̀ láti béèrè, owó nìkan ni yóò máa gbayì láàárín wọn, ẹni tí bàbá rẹ̀ kò bá sì ní owó yóò máa rò pé òun fúnra òun ni kò níye lórí. Ṣùgbọ́n bí o bá kọ́ wọn láti máa béèrè pé, "Báwo lo ṣe ṣe é?" gbogbo ọ̀rọ̀ náà yí padà nìyẹn. Ìbéèrè kejì yìí ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò lónìí.

ỌKỌ̀ AGOLO KÌ Í ṢE OHUN ÀBÙKÙ

Ó yẹ kí àwa ará Agége àti Ìkẹjà mọ iyì ọkọ̀ agolo ju ẹlòmíràn lọ, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ilé wa ni ohun èlò rẹ̀ ti ń wá. Láti ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ WAMCO ti ń ṣe mílíìkì Peak ní Ọ̀gbà. Láti nǹkan bí ọdún 1962 ni Guinness ti ń pọntí ní Ìkẹjà, àwọn ìdérí ìgò sì kún ojú títì wa. Dunlop náà ṣe táyà gidi ní Ìkẹjà láti àwọn ọdún 1960 títí di ọdún 2008. Bí àwọn bàbá ti ń ṣe táyà ọkọ̀ ńlá níbi iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ń gé àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà rọ́bà tí ó ti já láti fi ṣe táyà ọkọ̀ kékeré nílé. Agolo tí ìyá ti da mílíìkì rẹ̀ sínú ògì tán ni ara ọkọ̀. Sípóòkù kẹ̀kẹ́ ni ọ̀pá tí ó so táyà méjì pọ̀. Wáyà ni wọ́n sì fi ń darí rẹ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé òṣì ni irú eré bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni àwọn àgbà gbà ṣe mólúè tí ó gbé ará Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ́ńjìnnì àti egungun ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ẹrù Mercedes-Benz 911 ni ó wá láti ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn alágbẹ̀dẹ àti àwọn tí ń jó irin pọ̀ níhìn-ín ni wọ́n fi páànù kọ́ ilé lé e lórí, tí wọ́n ṣe ìjókòó sí i, tí wọ́n sì fi ọ̀dà pupa rẹ́súrẹ́sú pẹ̀lú ìlà dúdú kùn ún. Ọmọ tí ó ń kun agolo rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìnkùlé rẹ, ohun tí ó rí ní Agége Motor Road ni ó ń ṣe. Ó ń fi ojú kọ́ iṣẹ́ ni.

IBI TÍ ỌKỌ̀ INÚ PÁÁLÍ ÌṢÁNÁ TI WÁ

Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ àwọn ọkọ̀ irin kéékèèké tí ń jẹ́ Matchbox, èyí tí ó túmọ̀ sí páálí ìṣáná. Ìtàn bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ dára fún ìyá láti mọ̀.

Ní ọdún 1947, ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rẹ́ méjì tí orúkọ ìdílé wọn bára mu, Leslie Smith àti Rodney Smith, dá ilé-iṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀. Wọ́n fi apá kan orúkọ ọ̀kan kún apá kan orúkọ èkejì, wọ́n sì pè é ní Lesney. Jack Odell, ọkùnrin kan tí ó mọ irin í yọ́ tí ó sì mọ̀ ọ́n rọ, dara pọ̀ mọ́ wọn. Odell ní ọmọbìnrin kan. Òfin ilé-ìwé ọmọ náà ni pé ohun ìṣeré tí kò bá lè wọ inú páálí ìṣáná, kí ọmọ má gbé e wá. Bàbá kò bínú, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sáré lọ sí ọjà. Ó jókòó, ó fi idẹ ṣe ẹ̀rọ kékeré kan, irú èyí tí wọ́n fi ń tẹ ojú títì, ó fi í sínú páálí ìṣáná, ó sì gbé e fún ọmọ rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé yòókù rí i, olúkúlùkù fẹ́ tirẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta Matchbox ní ọdún 1953. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n fi ọbabìnrin Ẹlísábẹ́ẹ̀tì jẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kékeré tí Lesney ṣe láti fi rántí ayẹyẹ náà sì tà ju 1,000,000 lọ. Ilé-iṣẹ́ Lesney wó ní ọdún 1982, ṣùgbọ́n orúkọ Matchbox kò parẹ́. Láti ọdún 1997 ni ó ti wà lọ́wọ́ Mattel ti Amẹ́ríkà.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun méjì nínú ìtàn yìí. Èkíní ni pé òbí kan tí ó fara balẹ̀ wo ohun tí ọmọ rẹ̀ ń fẹ́ ni ó bẹ̀rẹ̀ ohun tí gbogbo ayé ń rà. Èkejì ni pé ọmọbìnrin ni wọ́n ṣe é fún. Nítorí náà, ìyá tí ń lé ọmọbìnrin rẹ̀ kúrò nídìí ọkọ̀ agolo pé, "Eré ọkùnrin nìyẹn, lọ mú ìgbálẹ̀," ó yẹ kí ó tún un rò.

ỌKỌ̀ TÍ A Ń TÒ

Ẹ jẹ́ kí a padà sí páálí tí ó wá láti Lọ́ńdọ̀nù. Ọkọ̀ inú irú páálí bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí a rà tán tí ó sì parí. Ẹ̀yà ni ó wà níbẹ̀: ilẹ̀kùn, ìjókòó, táyà, gíláàsì, gbogbo rẹ̀ sì so mọ́ igi ike tẹ́ẹ́rẹ́. Airfix, tí Nicholas Kove dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1939, ṣe katakata kékeré kan báyìí ní ọdún 1949. Tamiya ti ilẹ̀ Japan àti àwọn mìíràn sì ti gba orúkọ nídìí iṣẹ́ yìí. Àwọn àgbàlagbà ń fi í ṣe ìnàjú káàkiri ayé. Wọn a máa pàdé láti fi èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà han ara wọn, gẹ́gẹ́ bí àwọn obìnrin ṣe ń fi aṣọ ẹgbẹ́ tuntun han ara wọn.

Ohun tí ó jẹ́ iyì ọkọ̀ wọ̀nyí ni ìwọ̀n. Bí a bá kọ 1:24 sí ara páálí, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé a dá gígùn ọkọ̀ gidi sí ọ̀nà 24, ọkọ̀ kékeré náà sì jẹ́ ọ̀nà kan nínú rẹ̀. Ọkọ̀ Volkswagen tí a ń pè ní ìjàpá gùn tó nǹkan bí mítà 4.08, ní ìwọ̀n yìí, yóò jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 17. Fún ọmọ rẹ ní rúlà, kí ó ṣe ìṣirò náà fúnra rẹ̀. Ọmọ tí ń sá fún ìṣirò ní ilé-ìwé lè fẹ́ràn rẹ̀ ní ìdí ọkọ̀.

Nígbà tí irú páálí bẹ́ẹ̀ bá wọ ilé rẹ, má ṣe jẹ́ kí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n gbà á lọ́wọ́ ọmọ kí ó sì tò ó tán ní alẹ́ ọjọ́ kan. Jẹ́ kí ọmọ tẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ sílẹ̀, kí ó ka iye ẹ̀yà, kí ó wo àwòrán atọ́nà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí ó kọ́kọ́ fi ẹ̀yà méjì kan ara wọn láìfi gọ́ọ̀mù sí i, kí ó rí i pé wọ́n bára mu. Bí ó bá ṣe àṣìṣe, jẹ́ kí ó tú u kí ó sì tún un tò. Ìwé tí ó kà àti sùúrù tí ó kọ́ níbẹ̀ yóò wúlò fún un ju ọkọ̀ náà lọ.

Orílẹ̀-èdè wa pẹ̀lú ti to irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, ọkọ̀ gidi sì ni. Ní ọdún 1975, ilé-iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ìjàpá ní ọ̀nà Badagry ní Èkó, Peugeot náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í to tirẹ̀ ní Kàdúná. Inú àpótí ni ọ̀pọ̀ ẹ̀yà wọn ti ń wá láti òkè òkun, àwọn òṣìṣẹ́ wa sì ń tò wọ́n pọ̀. Ìrètí gbogbo ènìyàn ni pé bó pẹ́ bó yá, àwa fúnra wa ni a ó máa rọ gbogbo ẹ̀yà náà. Ìrètí náà kò ṣẹ bí a ti fẹ́, nígbà tí owó láti ra àpótí sì di ọ̀wọ́n, iṣẹ́ dín kù gidigidi. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò jìnnà sí àgbàlá wa: ẹni tí ó mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó nìkan, tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń rọ ọ́, ọwọ́ ẹlòmíràn ni yóò máa wò. Ìdí nìyí tí ọmọ tí ó gé agolo fúnra rẹ̀ kò fi yẹ ní ẹni tí à ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ rántí Jelani Aliyu, ọmọ Ṣókótó. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ni ó ti ń ya àwòrán ọkọ̀, tí ó sì ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ọkọ̀ kéékèèké. Ó dàgbà, ó kọ́ iṣẹ́ náà ní Detroit ní Amẹ́ríkà, ó di ọ̀kan nínú àwọn tí ń ya ìrísí ọkọ̀ fún General Motors. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ìrísí Chevrolet Volt, ọkọ̀ oníná mànàmáná tí wọ́n kọ́kọ́ fi han ayé ní ọdún 2007. Kì í ṣe gbogbo ọmọ tí ń gé agolo ni yóò dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n gba agolo lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n sì sọ ọ́ sí ààtàn, kò tilẹ̀ ní bẹ̀rẹ̀ ìrìn náà.

NÍGBÀ TÍ ÌLARA BÁ WỌ INÚ ERÉ

Bí ọmọ tìrẹ bá ni ẹni tí ó ní ọkọ̀ olówó iyebíye, ìwọ ni kí o kọ́kọ́ ṣọ́ ẹnu rẹ. Ìyá tí ń sọ ní etí ọmọ pé, "Kò sí irú èyí ní gbogbo àdúgbò yìí," ni ó ń gbin ìgbéraga. Sọ fún ọmọ rẹ pé ẹni tí ó bá gbé ọkọ̀ jáde gbọ́dọ̀ wo ọkọ̀ àwọn yòókù pẹ̀lú, kí ó sì bi olúkúlùkù bí ó ṣe ṣe tirẹ̀. Sọ fún un pẹ̀lú pé ohun tí ọkàn rẹ̀ kò lè gbà kí ó fọ́, kí ó fi sílẹ̀ nínú ilé. Ọ̀pọ̀ ìjà tí ń ṣẹlẹ̀ láàárín àwa obìnrin nínú ilé ayálégbé ni kò bá má ṣẹlẹ̀ bí a bá ń pa òfin kékeré yìí mọ́. Bí ọmọ aládùúgbò bá ti fọ́ ọkọ̀ náà, ká ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni, fi í sùn ìyá rẹ̀ ní ohùn pẹ̀lẹ́, nínú yàrá, kì í ṣe ní ìdí ẹ̀rọ omi níbi tí gbogbo ilé ti ń gbọ́. Àwọn ọmọ yóò ti máa ṣeré padà kí ìwọ àti ìyá náà tó dákẹ́ ariwo.

Bí ọmọ tìrẹ bá ni ẹni tí kò ní, má ṣe sáré lọ yá owó. Mo mọ̀ pé ó máa ń dun ìyá. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́, owó oúnjẹ kì í sì í ṣe owó ọkọ̀ ike. Má ṣe gàn án pẹ̀lú pé, "Ṣé èmi ni mo ní kí bàbá rẹ má lówó?" Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa pẹ́ lọ́kàn ọmọ. Jókòó tì í fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Gbé ọkọ̀ agolo rẹ̀ sókè, yí i wò, kí o sì bi í pé, "Báwo lo ṣe mú kí táyà yìí máa yí?" Nígbà tí ó bá ń ṣàlàyé fún ọ, ìwọ yóò rí i bí ojú rẹ̀ yóò ṣe mọ́lẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn kò ná ọ ní kọ́bọ̀.

Ẹ̀kẹta ni ó ṣòro jù: ọmọ tí ó mú owó láti fi ra ọkọ̀. Ìyá mìíràn yóò fi igbe bọnu, yóò sì pe gbogbo ilé kí wọ́n wá wo olè. Mo bẹ̀ ọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí o bá fi pe ọmọ ní gbangba, ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò máa fi pè é títí, bí ó bá sì ti gbà pé orúkọ òun nìyẹn, kí ni yóò tún máa tìjú fún? Pè é wọlé. Jẹ́ kí ó sọ òótọ́ fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o sì gbọ́ ọ tán. Sọ fún un kedere pé ohun tí ó ṣe burú, pé owó náà ni à bá fi ra gàrí. Lẹ́yìn náà, jẹ́ kí ó fi iṣẹ́ san án díẹ̀díẹ̀: kí ó máa pọn omi, kí ó máa bá ọ kó ọjà, títí iye náà yóò fi pé. Kí ọkọ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ títí di ọjọ́ náà. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ kan bá ọmọ wí, à á fi ọwọ́ kejì fà á mọ́ra. Ọmọ tí a bá wí tí a kò fà mọ́ra yóò wá ẹni tí yóò fà á mọ́ra ní ìta, a kò sì mọ ẹni tí onítọ̀hún jẹ́.

BÍ Ẹ ṢE LÈ ṢE Ọ̀KAN PỌ̀

Bí àyè bá wà ní ọjọ́ Sátidé kan, ṣe ọkọ̀ agolo pẹ̀lú ọmọ rẹ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ sókè lè ṣe é bí àgbàlagbà bá wà nítòsí. Ohun tí ẹ ó wá ni agolo sàdíìnì kan, bàtà rọ́bà tí ó ti já, sípóòkù méjì láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ìṣó kan, ẹ̀mú àti okùn.

Kí o kọ́kọ́ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ agolo náà. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o fi ẹ̀mú tẹ etí rẹ̀ wọ inú yípo, títí kò fi ní sí ibi tí ó mú mọ́. Lẹ́yìn èyí, kí ọmọ gbé ìdérí ìgò lé orí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà náà, kí ó fi bírò yí i ká ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Kí ẹ sì gé róbótó mẹ́rin náà kí wọ́n dọ́gba. Nígbà náà ni ẹ ó fi ìṣó lu ihò méjì sí ẹ̀gbẹ́ kan agolo, àti méjì sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ibí yìí ni ọgbọ́n wà. Àwọn ihò náà gbọ́dọ̀ kọjú sí ara wọn gan-an, kí gíga wọn láti ìsàlẹ̀ sì bára mu. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọkọ̀ yóò máa tiro. Kí ihò fẹ̀ ju sípóòkù lọ díẹ̀, kí sípóòkù lè máa yí nínú rẹ̀. Ẹ ti sípóòkù wọlé, ẹ fi táyà rọ́bà sí orí méjèèjì, kí o sì fi ẹ̀mú ká etí sípóòkù padà kí ó má baà gún ẹnikẹ́ni. Ẹ so okùn mọ́ iwájú rẹ̀, iṣẹ́ parí.

Bí ọkọ̀ náà bá ń fì sí apá kan nígbà tí ọmọ bá ń fà á, má ṣe bá a tún un ṣe kíá. Bi í pé kí ni ó rò pé ó fà á. Jẹ́ kí ó mú rúlà, kí ó wọn gíga àwọn ihò, kí ó sì rí ìdí rẹ̀ fúnra rẹ̀.

EWU TÍ ÌYÁ GBỌ́DỌ̀ ṢỌ́

Etí agolo tí a kò tẹ̀ wọlé a máa gé ọmọ lọ́wọ́. Irin tí ó ti dípẹtà tí ó sì ti dọ̀tí lè fa tẹ́tánọ́ọ̀sì, àrùn tí ń mú kí eyín pa pọ̀ kí ara sì gan. Rí i dájú pé ọmọ rẹ gba gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Bí irin bá gé e, fi omi tí ó mọ́ àti ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́ náà dáadáa, kí o sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn bí ọgbẹ́ náà bá jìn tàbí tí ó bá dọ̀tí.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ẹ̀yà kéékèèké inú páálí. Ọ̀nà kan nìyí tí o lè fi mọ èyí tí ó léwu: mú páálí róbótó tí ó máa ń wà ní àárín bébà ìnùdí. Ohunkóhun tí ó bá lè gba inú rẹ̀ kọjá lè há ọmọ kékeré lọ́fun.

Èyí tí ó burú jù ni bátìrì pẹlẹbẹ tí ó rí bí bọ́tìnnì, tí ó máa ń wà nínú àwọn ọkọ̀ ike tí ń tan iná tàbí tí ń kọrin. Bí ọmọ bá gbé e mì, ó lè jó o lọ́nà ọ̀fun láàárín wákàtí méjì péré. Má ṣe fún un ní epo pupa, má sì ṣe mú kí ó bì í. Gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí o sì sọ fún dókítà pé bátìrì ni. Má ra ọkọ̀ tí kò sí ìṣó onískúrù ní ìdérí ibi tí bátìrì rẹ̀ wà.

Ṣọ́ra fún ọ̀dà pẹ̀lú. Òjé tí ó máa ń wà nínú ọ̀dà mìíràn a máa ṣe ọpọlọ ọmọ ní jàǹbá, kì í sì í ṣe ọjà tí kò lórúkọ nìkan ni ó ti ń ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2007, Mattel fúnra rẹ̀ pe ọkọ̀ ìṣeré kan tí ó lé ní 400,000 padà nítorí òjé tí ó wà nínú ọ̀dà rẹ̀. Bí ọ̀dà ara ọkọ̀ kan bá ń ṣí, tí ọmọ sì ń fi í sẹ́nu, gbé e sọnù. Ẹ má fi àjẹkù ọ̀dà tí a kò mọ orísun rẹ̀ kun ọkọ̀ agolo. Bí ọmọ bá sì ń lo gọ́ọ̀mù, kí ó wà níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kí ó má sì ṣe gbé imú lé e.

BÍ Ó BÁ JẸ́ ỌKỌ RẸ Ń KỌ́

Àwọn ìyàwó kan wà tí ó jẹ́ pé bàbá ọmọ gan-an ni ó fẹ́ràn ọkọ̀ kéékèèké, tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń fi tuntun han ara wọn. Má ṣe fi í ṣẹ̀sín níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin tí ó jókòó sí ilé tí ó ń to ọkọ̀ ike, ìwọ mọ ibi tí ó wà. Ṣùgbọ́n ní alẹ́, nígbà tí ara bá ti tu yín, ẹ jọ sọ ọ́ pé, "Baba wa, ẹ jẹ́ kí a dá iye kan sí lóṣù fún ìnàjú yín, kí owó ilé-ìwé àti owó oúnjẹ má baà fara gbá a." Kí ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra nídìí iṣẹ́ náà, ọkùnrin àti obìnrin. Ọkọ̀ tí bàbá to nìkan, tí ó sì gbé sí orí pẹpẹ tí ó ní kí ọmọ má fọwọ́ kàn, kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́mọdé ìyá, ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìbéèrè tí ọmọ bá gbọ́ lẹ́nu yín ni yóò máa gbé lọ bi ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá dàgbà, yóò fi wo ilé tí ẹlòmíràn kọ́, aṣọ tí ẹlòmíràn wọ̀, àti iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ń ṣe. Ẹni tí ó mọ "Èló ni?" nìkan kò ní mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó ní ìtẹ́lọ́rùn. Ẹni tí ó mọ "Báwo lo ṣe ṣe é?" yóò rí ohun kan kọ́ lọ́wọ́ olówó àti lọ́wọ́ tálákà, kò sì ní tìjú láti gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jáde níbikíbi.

Ó di oṣù tí ń bọ̀. Kí Ọlọ́run bá wa wo àwọn ọmọ wa o.